Ìdí Tí Mi Ò Fi Wá Rí Màámi

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màámi. Ṣé ẹ ti ń rí oorun sùn? Ẹsẹ̀ tó ń wú yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, ìyẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á kí ẹ tó kà á tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ẹ pè pé Màámi ń béèrè mi lórí ibùsùn àìsàn, mo ti di aṣọ ọmọ sínú báàgì. Ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa ti ṣírò ọjọ́ tí Jésù máa dé. Ó ní Fúráìdè ni, pé ẹni tó bá kúrò ní gbọ̀ngàn àdúrà láti Túsìdè, bí aya Lọ́ọ̀tì ló rí. Mo gbà á gbọ́. Mo yọ ọmọ níléèwé, mo fọ aṣọ funfun wa, mo lọ̀ ọ́. Ọmọ ní ṣé a máa wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ sọ́run ni. Ọkọ mi ní tiẹ̀ gbé ayùn ẹ̀, ó ní, "Tí ẹ bá gbọ́ fèrè, ẹ yà pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, àga oníbàárà ló kù tí mò ń kàn." Inú bí mi sí i.

Ìyẹn ni mo fi ní kí ẹ sọ fún Màámi pé ojú ọ̀run la ó ti pàdé.

Fúráìdè dé, oòrùn ràn, oníbúrẹ́dì polówó kọjá. Olórí ẹgbẹ́ ní òun ló ṣi ìṣirò ṣe, ká gbààwẹ̀ ọjọ́ méje sí i. Nígbà tí wọ́n dá fóònù wa tí wọ́n ti gbà láti Túsìdè padà, ìgbà mẹ́rìnlá lẹ ti pè mí. Mo pè yín, ẹ ní Màámi ti lọ láti Tọ́sìdè. Ẹ ní nígbà tí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán, wọ́n ní, "Kí ló ṣe é tí ò lè kọ́kọ́ wá pàdé mi níbí?"



Ó ti wá sí mi lọ́kàn pé kí n pa Bíbélì dé pátápátá. Mi ò lè ṣe é. Mo ṣì gbà pé Jésù ń bọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà, láti kékeré ni mo sì ti ń kà á. Màámi fọ aṣọ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọn ò béèrè ọjọ́ rí. Wọ́n á jí, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á gba ibi iṣẹ́ lọ. Àwọn ló múra sílẹ̀. Èmi tí mo wọ funfun, mi ò tíì múra.

Níbi ìsìnkú ẹ ò wo ojú mi. Ẹ jàre. Mi ò ní kí ẹ gbàgbé o. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wá jókòó tì yín, kí ẹ sọ bí ọjọ́ ìkẹyìn wọn ṣe rí fún mi, kó tiẹ̀ dùn mí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ fèsì o, ẹ ò fèsì o. Tí Jésù bá sì dé kí Sátidé tó pé, kó bá mi lójú ọ̀nà ilé yín.

Èmi àbúrò yín tó ṣẹ̀ yín,
Kékeré.