Baba Onírun Ewúrẹ́: Alàgbà Abraham Báyọ̀dé Ọdẹ́tọ́lá (1937–1998)

Ìkòtún ni a ti bí bàbá wa ní ọdún 1937, sínú ẹbí Ọdẹ́tọ́lá tó ni ilẹ̀. Ẹni tó bá ní wọ́n wá gbé ibẹ̀ ni, ẹ bá wa bi í ẹni tó fún bàbá tirẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 1954, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ kíkọ pátákó lọ́dọ̀ Ọ̀gá Oyèníran ní Dòpèmú. Lẹ́tà ọ̀gá ń dán bí abọ́ tánganran. Ti bàbá wa rí gbágungbàgun, etí rẹ̀ ya hẹ́rẹhẹ̀rẹ, nítorí búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó ni wọ́n fẹ́ràn, wọn kì í sì í ṣahun ọ̀dà. Ọ̀gá bi wọ́n pé ṣé irun ewúrẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ ni. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ wọn, àwọn náà sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní lẹ́tà tó ń dán ń bẹ èèyàn; tàwọn ń di èèyàn láṣọ mú.

Ní 1962 wọ́n fẹ́ Mary, ìyá wa.

Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndo, ta ni kò mọ ọwọ́ wọn? Ilé tí kò lájá rárá, bí wọ́n bá ti kọ AJÁ BURÚKÚ sí i, olè á yà lọ́nà. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ lẹ́tà irun ewúrẹ́ wọn sí pátákó ilé ìgbẹ̀bí rí. Wọ́n ní a kì í jágbe mọ́ ọmọ tuntun. Àwọn náà ni wọ́n kọ MÁ TỌ̀ SÍBÍ fún àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, àdúgbò sì mọ́.

Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ní 1991, opó kan níjọ, Màmá Matilda, fẹ́ pàdánù ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Kọ́lápọ̀, àbúrò ọkọ, fẹ́ tà á mọ́ ọn lórí. Bàbá wa lọ kọ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ sára ògiri. Kọ́lápọ̀ fi ọ̀dà funfun bò ó, ó sì mú ẹni tó fẹ́ rà á wá. Ọ̀dà bàbá wa ti nípọn jù: oòrùn àárọ̀ kọjú sí ògiri, lẹ́tà yọ bí ilà ojú. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé náà fọwọ́ pa á títí dé ìparí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ògiri yín ń sọ ohun tí ẹ̀yin ò sọ.”

Ó wọ mọ́tò lọ. Kọ́lápọ̀ wá halẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wa ní kó jókòó jàre, bó bá wù ú, àwọn á kọ orúkọ tirẹ̀ náà sára ògiri ọ̀hún. Kò padà wá mọ́. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó lọ fọwọ́ pa ògiri náà. Màmá Matilda ṣì ń gbébẹ̀; àwọn ni wọ́n jókòó níwájú yẹn.

Ìyá wa gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú Tòún, Ọlátúnbọ̀sún, àwa ọmọ yòókù àti àwọn ọmọ-ọmọ. Atẹ̀wé fẹ́ fi lẹ́tà kọ̀ǹpútà dídán kọ orúkọ wọn síwájú ìwé ìsìnkú yìí. A ní rárá: láti ara pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn ni a ti ya èyí tí ẹ rí.

Ẹ sùn re o, Baba Onírun Ewúrẹ́. Ilé tí ẹ wọ̀ lónìí, kì í ṣe fún títà.