Dókítà Tí Kò Gba Iṣu Mi Mọ́

Àǹtí Jannat, olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ohùn yín há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi, ẹ ṣáà pè mí ní ìyá oníṣu ní Ìsánlú-Ìsin.

Dókítà kan ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ọdọọdún ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń yẹ ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń bi àwa aláìsàn léèrè. Nígbà tó kàn mí, mo ní kí n gbé ọmọ náà ga. Mo ní, "Ọmọ dáadáa ni! Kò kọ iṣu mi rí." Ni ojú wọn bá yí padà.

Nígbà tí mo tún gbé iṣu tuntun lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. A kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ aláìsàn."

Ó dùn mí o. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dá iṣu tuntun padà, ìjà ló ń wá. Mo wá rí i tó pe obìnrin kan wọlé, ẹni tó dé ṣáájú mi, tí kò gbé nǹkan kan dání. Tẹ́lẹ̀, èmi ni ì bá kọ́kọ́ pè. Ọkàn mi bá rọ̀.

Ara mi ti ń yá, inú mi sì dùn sí dókítà náà. Ṣùgbọ́n iṣu ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ìyá tó bí i ń gbé ní Òrò, òun kì í sì í ṣe dókítà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé òfin yẹn dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀?