Ìpínrọ̀ Tí Mo Fò fún Mummy

Aunty wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ mi.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi la ń gbé ní Peckham, ní London níbí. Oṣooṣù ni olórí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, máa ń kọ̀wé sí àdúgbò wa, èmi ni mo sì máa ń kà á fún Mummy ní Yorùbá. Ti oṣù yìí, mo ka ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, mo ka àríyá tó ń bọ̀ ní páàkì. Àfi bí mo ṣe kàn án pé wọ́n fẹ́ wó ilé wa, wọ́n á kó wa lọ síbòmíràn. Mo bá fò ó. Mummy tiẹ̀ ṣàdúrà fún olórí káńsù pé kó pẹ́ láyé!

Inú ilé yìí ni bàbá ọkọ mi kú sí. Lánàá, Mummy ra ọ̀dà tuntun, wọ́n láwọn fẹ́ kun pálọ̀. Ọkọ mi ní èmi tí mo fò ó ni kí n padà lọ kà á.

Aunty, Mummy kì í pàdánù ètò yín lórí rédíò. Bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí, mo jókòó tì wọ́n ní kíṣìnnì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí o: kí ni kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá yíjú sí mi?