Àjàṣẹ́ Méjì

Ilé Kọkànlá,
Dàda Estate,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Bọ̀wálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Iwaraja? Báwo ni ara rẹ, báwo sì ni orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́sí? Mo kí ìyá àwọn ọmọ, mo kí wọn kú iṣẹ́ ọjà. Testimony ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti parí àgùnbánirọ̀ rẹ̀? Ara tiwa le níhìn-ín. Ìyábọ̀ ìyàwó mi ń kí yín. A ń jẹun, a ń sùn, a ń jí. Kò sí ibi tó ń dùn wá tí a lè tọ́ka sí.

Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Má bínú pé èsì pẹ́. Ohun méjì lo kọ sínú rẹ̀. O ní ìwọ àti ìyá àwọn ọmọ fẹ́ rí ilẹ̀ òkèèrè kí ẹsẹ̀ tó kọ̀, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì lẹ ní, nítorí náà kí n sọ ibi tí kò ní gba owó púpọ̀. O tún ní o gbọ́ pé Màmá mi ti òkè òkun dé, pé ó sì ká ọ lára pé Ìtẹ́ ọmọ wa kò wá pàdé wọn níbẹ̀. Màá dáhùn méjèèjì, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn. Fún àwa ọmọ Nàìjíríà, ìlú tó ń béèrè físà ló máa ń wọ́n jù, kódà bí kò bá jìnnà. Owó físà, owó ọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Àbújá láti lọ fojú hàn, owó àwọn tó ń báni kọ fọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ lè ti tán lápò rẹ kí wọ́n tó sọ fún ọ pé rárá. Nítorí náà, ibi tí kò sí físà ni kí o kọ́kọ́ wò. Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kò gba físà lọ́wọ́ wa. Ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti tó, o sì lè lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Mọ́tò lẹ máa wọ̀ débẹ̀. Rùwáńdà náà kò gba físà, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n àfi kí èèyàn wọ bàálù, ibẹ̀ sì ni owó ń lọ. Ẹ má lọ lásìkò Kérésì tàbí Iléyá. Ẹ má sùn sí òtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Ẹ béèrè ilé àlejò kékeré nínú ìlú, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn dáná. Ẹ ṣẹ́ owó díẹ̀ ní bodè, kí ẹ ṣẹ́ ìyókù nínú ìlú. Bí èdè Faransé bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ lọ sí Kétu, tàbí Sábẹ̀ẹ́, tàbí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá yóò tó yín láti fi ra oúnjẹ, láti fi bá onímọ́tò jà, àti láti fi tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà.

Mo kọ Porto-Novo mọ́ Àjàṣẹ́ yẹn nítorí pé ìgbà kan wà tí n kò kọ ọ́.

O mọ̀ pé Ìtẹ́olúwakìṣí ọmọ wa ti wà ní Ítálì láti ọdún mẹ́sàn-án. O sì mọ̀ pé ọwọ́ Màmá ní Ìpẹrindó ló dàgbà sí, nígbà tí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ń gbé mi káàkiri. Ìwé asásálà tí wọ́n fi gbà á sí Ítálì jẹ́ kó lè lọ síbikíbi, àfi Nàìjíríà. Àwa náà tọrọ físà lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ pé rárá. Màmá sì ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn fẹ́ fọwọ́ kan orí ọmọ náà, pé ohùn inú fóònù ti sú àwọn.

Èmi ni mo wá rò ó pé kí a pàdé ní ilẹ̀ kan tí kò lé ẹnikẹ́ni nínú wa. Oṣù méjì ni mo fi wo máàpù. Mo mú Àjàṣẹ́. Ó sún mọ́ Kótónù níbi tí bàálù rẹ̀ yóò balẹ̀ sí, kò jìnnà sí bodè Sẹ̀mẹ̀ tí àwa yóò gbà wọlé, yàrá ibẹ̀ kò sì wọ́n bíi ti Kótónù. Èmi náà ni mo ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó jù, irú èyí tí wọn kì í yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni, ní ìparí oṣù Kẹjọ.

Èmi àti Ìyábọ̀ ṣáájú lọ ní Ọjọ́bọ̀ láti tọ́jú yàrá. Àbúrò mi Adéyọrí, tó ń ta aṣọ ní Iléṣà, ni yóò fi mọ́tò rẹ̀ gbé Màmá wá ní Sátidé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní lẹ́tà gàdàgbà: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá àti aago tí wọ́n ń lò ó, ìwé ìrìnnà, káàdì abẹ́rẹ́, iye ìgbà tí yóò dúró kí Màmá lè na ẹsẹ̀. N kò kọ ọ̀nà tí yóò gbà, nítorí Adéyọrí mọ ọ̀nà. Níbi ìpàdé, mo kọ Àjàṣẹ́, aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí àṣìṣe kankan.

Ìtẹ́ balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Orí rẹ̀ ti ń pá níwájú. Ìyá rẹ̀ sunkún. Èmi gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì béèrè bóyá àpò náà wúwo.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Adéyọrí pè mí.

"Bọ̀dá mi, a ti dé o."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ibo lẹ wà?"

"Àjàṣẹ́ náà ni. A ò rí yín."

"Ojúde la jókòó sí. Kí lẹ̀ ń wò níwájú yín?"

"Oríta ni."

"Oríta wo?"

"Bọ̀dá, oríta mélòó ló wà ní Àjàṣẹ́? Ibi tí ọ̀nà Ọ̀ffà ti pàdé ọ̀nà Ìlọrin."

Àjàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n wà, ní Kúwárà. Ó ti lé lógún ọdún tí Adéyọrí ti ń gbé aṣọ gba Ìkìrun àti Ọ̀ffà lọ sí Ìlọrin, Àjàṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀. Ó rí ìwé ìrìnnà, ó rò ó pé Kúwárà náà bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà, pé ibẹ̀ la ti máa kó ara wa jọ kí a tó jọ sọdá. Kò sí ohun tó burú nínú ìrònú yẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ orúkọ ìlú sórí máàpù. Mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí pé kí wọ́n má fi ìlú méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan sílẹ̀ láìfi àmì sí i. Èmi ni n kò fi àmì sí i.

Ìtẹ́ jókòó kọjú sí mi, ó ń gbọ́. Ó béèrè iye kìlómítà tó wà láàárín. Mo ní ó lé ní irínwó. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ẹsẹ̀ Màmá ti wú, wọ́n ní àwọn kò jókòó sínú mọ́tò ju Òṣogbo lọ mọ́. Ìtẹ́ pe àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, wọ́n ní kì í ṣe irú èyí tí àwọn ń yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a sìn ín lọ sí Kótónù.

Ojú ti Adéyọrí, ó sì sọ fún Màmá pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọmọ náà wá. Màmá gbà gbọ́ pé òkè òkun ni àwọn dé. Wọ́n padà sí Ìpẹrindó, wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn pé òkè òkun kò yàtọ̀ sí ulé, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé, pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, pé iṣu wọn tóbi, pé àwọn dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n ọmọ kò yọjú. Láti ìgbà náà, bí Ìtẹ́ bá pè, wọn kì í gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e wá.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì dákẹ́. Mo ń ka ìwé ìròyìn, bí mo bá kà á tán n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò lè pè é ní ìbànújẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi apá rọrí, tó jí, tí apá ṣì wà lára rẹ̀ tí kò sì jọ tirẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé Ìtẹ́ kò wá, n kò lè ka ìyókù.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ sí Ìpẹrindó. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Mo jókòó, mo ṣàlàyé pé Àjàṣẹ́ méjì ló wà, ọ̀kan ní Kúwárà, ọ̀kan lẹ́yìn bodè. Pé èyí tí wọ́n lọ kì í ṣe òkè òkun. Pé ọmọ náà wá. Pé èmi ni n kò kọ orúkọ ìlú náà pé. Mo tún un sọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ti àkọ́kọ́.

"Ìwọ tó o ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba," ni wọ́n wí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Ọmọ náà dúró dè mí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò ní Sátidé, kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì tún jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú títí a fi ní kó dìde.

"Pè é fún mi."

Ìtẹ́ gbé e lójú ẹsẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Wọ́n ní, "Ìtẹ́, èmi ni n ò dé ibi tó o wà."

N kò gbọ́ ohun tí òun sọ. Mo fa àtẹ náà sọ́dọ̀, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà tó kù. Mo ṣà á tán, wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

A ti mú oṣù Kejì, ní Àjàṣẹ́ Porto-Novo. Ìtẹ́ yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣe é yí padà. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá wọ bàálù lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe fi irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ du ara yín, ibòmíràn ni kí ẹ ti dín owó. Èmi yóò wá gbé Màmá fúnra mi, àyè ẹni méjì sì ṣẹ́kù nínú mọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́, a ó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, kí a jọ dá owó epo. Ìdáhùn tí mo ní fún ìbéèrè rẹ nìyẹn. Màmá ti ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tàwọn.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Tìrẹ ni mí, láti ọjọ́ tí a ti mọra,

Olúmúyìwá Ògúndélé.