Ẹ Má Na Morẹ́nikẹ́ Nítorí Iṣẹ́ Tí Kò Jẹ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí yanrìn Èkó ni orúnkún mi wà, tí ẹ kò rí i. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kù sílé fún wa. Ẹ ní mo ń béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ-osú wọn kò tíì kú, ó ń bọ̀ wá bá wọn jẹ iṣu tuntun, kí wọ́n má ṣe rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi kí Baálẹ̀ àti gbogbo ará Ìdí-Òro, lọ́mọdé lágbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bá wa ka ìwé yìí, ẹ ṣeun. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á sókè ní ojúde, lójú gbogbo ènìyàn, ẹ má sì fo ibì kankan bí ẹ bá dé ibi tí ojú yóò ti máa tì yín nítorí mi. Mo ti fún àwọn tó ń tẹ̀wé níbí ní irú rẹ̀ kan, kí àwọn abúlé mìíràn náà lè gbọ́.

Aṣọ ni mo ṣì ń rán, lọ́dọ̀ ìyá ará Sàró tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní inú burúkú. Ọkọ mi ń kan àgbá tí wọ́n ń rọ epo pupa sí. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, òórùn epo ni yóò kọ́kọ́ kí mi kí òun tó kí mi. Òjò ibí kì í ṣe irú òjò tiwa tó ń rọ̀ tó sì ń dá. Yóò rọ̀ títí aṣọ inú àpótí yóò fi bu. Mo sì wà ní èmi nìkan láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Ìdí-Òro, bí mo bá sín, ẹni márùn-ún ni yóò kí mi. Níbí, mo lè hú ikọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má béèrè ohun tó ń ṣe mí.

Ní ọjọ́ ọdún, tọmọdé tàgbà níí kún etí ọ̀sà láti wo ọkọ̀ ńlá. Ìyá ará Sàró máa ń ní kí n wá wòran. Mo máa ń lọ, ṣùgbọ́n n kì í wo ọkọ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ ni mo máa ń wò, kí n lè mọ ẹni tó dì í mú. Ó ti ní orí mi kò pé, n kò sì bá a jiyàn.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyí. Ìyá Oníyọ̀ wá ra ọjà ní Èkó, ó sì wá kí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ròyìn ilé. Ó ní Morẹ́nikẹ́, ọmọ mi tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ti di akọ ọmọ. Ó ní níbi ìjàkadì tí ẹ ṣe lẹ́yìn iṣu tuntun, ọkùnrin kan rán an pé kó lọ bá òun mú ẹrù òun wá lójú ọ̀nà odò, Morẹ́nikẹ́ sì dúró, ó ní òun kò lọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lójú gbogbo ayé. Ọkùnrin náà béèrè irú ilé tó tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Oníyọ̀ ní ojú tì yín débi pé ẹ wọ́ ọ lọ sílé, ẹ fi pàṣán nà án, ẹ sì sọ fún un pé bí orí kunkun rẹ̀ bá ń bá a lọ báyìí, bí Àdùkẹ́ ṣe ṣègbé ni òun náà yóò ṣe ṣègbé.

Ìyá Oníyọ̀ rò pé n óò rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ti gún mi, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sí aṣọ funfun tó wà lẹ́sẹ̀ mi kí n tó mọ̀. Mo béèrè ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, pé àlejò pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi, ọdún méjìlá rèé tí ẹ ti ń sọ ìtàn Àdùkẹ́ àbúrò mi. Ẹ máa ń ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni, pé a ní kó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi ìjàkadì, kò gbọ́, ó rìn wọ igbó, àwọn ajọ́mọgbé sì gbé e lọ. Gbogbo abúlé ló ń fi ìtàn yìí bá ọmọ wí. Ọmọ tó bá kọ iṣẹ́, wọn á ní ṣé ó fẹ́ dà bí Àdùkẹ́ ni. Mo wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́, títí mo fi lọ sílé ọkọ, n kò la ẹnu mi.

Irọ́ ni, Ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Ẹ óò rántí ọkùnrin kan tó máa ń wá wo ìjàkadì wa nígbà náà, nígbà tí Ìjàyè ṣì wà lójú ayé, kí ogun tó fọ́ ọ, tí àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń wá bá wa jìjàkadì. Bàbá Ọlọ́mọ là ń pè é, nítorí kò sí ọmọ tí kì í fún ní àádùn. Ọdún mẹ́ta léraléra ló wá. Ẹ̀yin fúnra yín máa ń yìn ín pé ó fẹ́ràn ọmọ.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣì wà lókè. Èrò pọ̀ lójúde Baálẹ̀, ariwo sọ, ọmọ ìdílé ẹ̀yìnkùlé wa sì ti wọlé sí agbo láti jà. Bàbá Ọlọ́mọ wá bá wa níbi tí a jókòó sí. Ó ní òun gbàgbé kèǹgbè omi òun sí ìdí àràbà lójú ọ̀nà odò, pé kí ọ̀kan nínú wa bá òun mú un wá, torí ọmọ òun fẹ́ jà. Lẹ́yìn náà ó ní kí Àdùkẹ́ lọ, pé ẹsẹ̀ ọmọ kékeré ló yá. Inú mi dùn pé kì í ṣe èmi ló rán. Mo fẹ́ wo ìjà náà.

Àdùkẹ́ ní òun kò lọ. Ó ní Ìyá ní kí òun má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì di etí aṣọ mi mú. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní òun kò mọ̀ pé ilé yín kì í kọ́ ọmọ. Ìyá mi, ojú tì mí. Mo kan Àdùkẹ́ níkòó lórí, mo béèrè bóyá ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, mo sì fi ọwọ́ ara mi tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó lọ. Ó lọ. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi ojú lé e síwájú.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ojúde Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Agbo ìjà ni ojú gbogbo wọn wà.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, Bàbá Ọlọ́mọ wà lára àwọn tó mú àdá wọ igbó. Nírọ̀lẹ́, ó padà wá jókòó lẹ́bàá ògiri, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó ṣí dàńdógó rẹ̀, ó tú kèǹgbè tó ní òun gbàgbé, èyí tó so mọ́ ìbàdí, ó sì mu omi. Mo rí i. Ó rí i pé mo rí i. Ó na àádùn sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo sì dúpẹ́, bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà láàrin wa lẹ́yìn ìyẹn, tó ń bá yín sunkún. Ẹ̀yin lẹ di iṣu fún un nígbà tó ń lọ. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, wọn ìbá dè é, ìbá sì jẹ́wọ́ ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọmọ náà gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ óò mọ̀ pé èmi ni mo ní kó lọ, ẹ óò sì nà mí. Nítorí ẹ̀rù pàṣán ni mo fi jẹ́ kí àbúrò mi lọ láé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n tó láti mọ ohun tí mò ń ṣe.

Yóò ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún báyìí, bó bá wà láàyè. Kò sí ọmọge tó kọ ilà bíi tiwa tó kọjá ní Èkó tí n kì í tẹ̀ lé díẹ̀. Títí di òní, kì í ṣe òun.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ohun tí mò ń bẹ̀ ni ti Morẹ́nikẹ́. Ẹ mú òòyà yín tí eyín rẹ̀ kan ti kán, kí ẹ fi í ṣe àmì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun wá mú un, tí kò bá mú òòyà náà dání, kí ọmọ náà jókòó. Bí Baálẹ̀ fúnra wọn bá rán an kúrò lójú agbo, kí ó kọ́kọ́ wá sọ fún yín. Bí àgbà kan bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ìbínú a máa rọ̀. Kí ìyá méjì sì máa kọ ẹ̀yìn sí ìjàkadì títí yóò fi tán, kí wọ́n kọ ojú sí àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ìjà a máa dùn ún wò. Mo ti wò ó rí.

Ẹ pe Morẹ́nikẹ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ yín báyìí, bí olùkọ́ ṣe ń kàwé lọ. Ẹ fi òrí pa ibi tí pàṣán ti bà á. Kí ẹ sì sọ ìtàn Àdùkẹ́ fún un bó ṣe rí gan-an, pé ọmọ dáadáa ni, pé a rán an níṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹ.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ilé kò ní dahoro, iṣu yóò ta, ẹsẹ̀ Bàbá yóò fúyẹ́, ojú yín kò sì ní rí ibi lára ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó bá bínú sí mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kò nà,
Àbẹ̀ní.