Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Gbà fún Ìgbéyàwó Rẹ

Abúlé Ìdí-Orógbó,
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Medinat ọmọ mi, Àbẹ̀ní,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú ilé gíga tí o wà ní Thamesmead yẹn, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè dákú mọ́ ọ nínú. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀ ibi tí o ti ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó, kí ìwọ náà dàgbà, kí o sì rí ẹni tọ́jú rẹ. Kí o má fẹsẹ̀ kọ, kí òtútù má gbé ọ dè, kí bọ́ọ̀sì má já ọ sílẹ̀ sọ́nà. Àmín. Bí ó bá jẹ́ pé orí ìdúró ni o ti ń ka lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí.

Nílé ńbí, a wà. Òjò ti ṣí páànù mẹ́ta lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, Lèmọ́mù ní òun á bá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Jímọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ náà títí òjò mìíràn fi dé bá wa níbẹ̀. Ewúrẹ́ pupa bí méjì, ọ̀kan kú. Ẹsẹ̀ mi òsì ṣì ń dùn mí bí ilẹ̀ bá ti tutù. Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, èmi àti Mujeebat àbúrò rẹ ni a jọ lọ gbà á ní báńkì, wọ́n ní kí n gbé ojú mi síwájú ẹ̀rọ kékeré kan kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Mo ṣí fìlà, mo kí i, kò dáhùn. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà pé èmi ni mo ni ara mi. Mo gbàdúrà fún ọmọ náà gan-an.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, Olúwamáyọ̀wá ọmọ àdúgbò wa tó ń padà sí Abbey Wood lọ́jọ́ Àìkú ni mo sì fi rán sí ọ. Mujeebat ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù, mo ní rárá. Wọ́n sọ fún mi pé gbogbo ohun tí a bá sọ sínú fóònù, inú ìkùukùu lókè ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba orí ilé onílé kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀dọ̀ Anisah ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ fi ìwé kan ránṣẹ́ sórí fóònù Mujeebat, ìwé tí tíṣà bàólójì wọn pín fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọ kíláàsì tuntun, tó ń sọ ohun tí ojú wọn máa rí fún ọdún méjì gbáko. Ó ní kí n gbọ́ ọ kí n lè mọ ohun tí mo máa fi sádùúrà. Ó wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ sínú fóònù ní Yorùbá rẹ̀ yẹn, tó ń pè mí ní ìwọ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá. Mi ò bínú, mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín nìyẹn.

Tíṣà ní ẹ̀kọ́ náà le. Ó ní lẹ́yìn ti kíláàsì, kí oníkálukú tún fi wákàtí márùn-ún kàwé nílé lọ́sẹ̀, àti pé ẹni tó bá kàn há a sórí láìyé e, ìdánwò máa tú u fó. Mo sọ fún Anisah pé kí o gbé nǹkan lọ kí tíṣà náà, bó jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú ni, kó lè máa fi ojú rere wo ọmọ. Ó ní wọ́n máa lé tíṣà náà níṣẹ́ ni. Ó ní yàrá wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi mọ ara ènìyàn, wọ́n sì ní awò kan tí wọ́n á fi máa yọjú sínú àwọn yàrá náà. Mo bi í pé ta ló ń gbé inú wọn, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní wọ́n máa la ọkàn àgùntàn, mo ní kó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe bísímílà sí i nígbà tí wọ́n ń pa á, àti pé ta ló ń jẹ ẹran náà bí ẹ̀kọ́ bá parí. Wọ́n á tún lọ sínú igbó ẹ̀gbẹ́ Lesnes Abbey, wọ́n á gbé férémù onígun mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n á máa ka koríko inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gba máàkì lórí rẹ̀. Àbẹ̀ní, àádọ́ta ọdún ni mo ti ń bá koríko jà, kò sẹ́ni tó fún mi ní máàkì kan. Mo ní kó wá sóko ẹ̀gẹ́ mi, kó wá kà á títí yóò fi sú u.

Ṣùgbọ́n orúkọ Lesnes Abbey yẹn gún mi láyà. O rántí pé èmi àti Ismaheel ọmọ rẹ ni a jọ lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wá kí yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. A rìn láti ibùdó rélùwéè, a ń gun òkè lọ, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, mo ní ọkùnrin kì í sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ibi àwókù ògiri ilé ìsìn àtijọ́ yẹn, ó jókòó sórí òkúta, ó ń gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo fi pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò wúwo ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni o pè mí pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti mú un lọ. Mo sunkún, mo ní Ọlọ́run ló fún wa, Òun náà ló gbà á. Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà.

Ohun tó kẹ́yìn nínú ìwé tíṣà ni ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Kí oníkálukú ya àwòrán ìdílé kan, kó kọ irú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Tíṣà ní wọ́n lè lo ìdílé àròsọ, ṣùgbọ́n Anisah ní tiwa ni òun fẹ́ yà, nítorí àbúrò òun. Ó ní AS ni òun, SS ni Ismaheel, AS ni bàbá òun, AS ni ìwọ náà, pé ọsibítù lọ́hùn-ún ló sọ fún ọ nígbà tí o lóyún òun. Ohun tí kò yé e ni pé ìwé ẹ̀jẹ̀ tí o gbé wá láti ilé, tó wà nínú àpótí rẹ títí dòní, AA ló wà lórí rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Inú mi dùn pé ẹnì kan bi mí. Mo jókòó dáadáa, mo gba fóònù lọ́wọ́ Mujeebat, mo sì ròyìn rẹ̀ fún un bí ìgbà tí ènìyàn ń ròyìn ogun tó ṣẹ́.

O mọ bí mo ṣe ń rí sí ìwé. Nígbà tí o fẹ́ wọ ilé ìwé, ọjọ́ orí rẹ ò tó, mo bẹ akọ̀wé, ó fi ọdún kan kún un. Nígbà tí èmi náà fẹ́ ṣiṣẹ́ ní káńsù, mo ti dàgbà jù, mo lọ búra ní kóòtù, wọ́n bá mi yọ ọdún méje. Kò sẹ́ni tó kú nídìí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìwé ni pé ènìyàn ló kọ ọ́, ènìyàn náà ló lè tún un kọ.

Nígbà tí a fẹ́ so yìgì ìwọ àti Fàsásì, Lèmọ́mù ní òun ò ní so yìgì ẹnikẹ́ni láìrí ìwé ẹ̀jẹ̀. Ti Fàsásì ti wà nílẹ̀. Ìwọ wá gbé ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀yìn gáréèjì, o padà sí Èkó nítorí físà, èmi ni mo lọ gba èsì lọ́wọ́ Gbádégẹṣin tó ń ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀. Ó ní AS ni. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni ọkọ rẹ̀ ní, ìrẹ́pọ̀ á wà. Ó ní rárá, Lèmọ́mù máa tú ìgbéyàwó náà ká ni. Àbẹ̀ní, màálù ti wà lórí ìso. Àwọn àna ti gbéra ní Ìbàdàn. O ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọkọ Lọ́ńdọ̀nù lo rí yìí, o sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo bẹ Gbádégẹṣin. Mo gbé iṣu mẹ́rin àti àkùkọ kan lọ bá a. Ó ní, “Bàbá, ìwé ni mo lè tún ṣe fún yín o. Mi ò lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe.” Mo ní ìwé náà ni mo ń wá.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Anisah nìyẹn. Mo tún fi kún un pé kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà, nítorí bí kì í bá ṣe tèmi, wọn ò ní bí i.

Ọjọ́ méjì, kò fèsì. Mujeebat fi hàn mí pé àmì méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi ti di aláwọ̀ aró, pé ó ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa wá dé, ẹkún ló fi ń sọ ọ́. Ó ní, “Grandpa, kì í ṣe school result. It's in the blood, o ò lè bẹ ẹnikẹ́ni. Mummy fún Ismaheel ní S kan, Daddy fún un ní S kan, that's why he died. Daddy sì ń sọ pé Mummy lied. She didn't lie. Ìwọ ni. Mi ò lè sọ fún un, you have to tell her.”

Mujeebat túmọ̀ gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ fún mi, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ló ń gbé síwájú mi, kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju kí ó kí mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọsibítù ìjọba lọ, mo ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò. Iye tí wọ́n dá lé e ni mo san, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. AS ni. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí, ó fi ẹ̀wà dúdú àti ẹ̀wà funfun ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí tábìlì, bí bàbá ṣe ń mú ọ̀kan wá, bí ìyá ṣe ń mú ọ̀kan wá. Ó ní ẹ̀wà dúdú méjì lè pàdé lára ọmọ kan kí ó má pàdé lára èkejì. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ ti kú, a ò lè mọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ní ẹ̀wà dúdú náà lára, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo fi fún ọ, kí n tó tún fi ìwé bò ó mọ́lẹ̀.

Mo wá ń rántí nǹkan. Nígbà tí o lóyún Anisah, o pè mí, o ní àwọn dókítà ní AS ni ọ́, o bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìwé wa péye. Mo búra fún ọ. Mo ní ẹ̀rọ òyìnbó ò mọ ẹ̀jẹ̀ wa, pé sítáǹbù wà lórí tiwa. Nígbà tí Ismaheel bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọsibítù, tí Fàsásì ní ayédèrú ìwé lo fi wọlé òun, o dúró níwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní Woolwich, o ní bàbá rẹ ò lè ṣe irú rẹ̀ láé. Orúkọ mi lo fi búra. Ó kó jáde, ó fi ọ́ sílẹ̀ nínú ilé yín ní Morris Walk pẹ̀lú ọmọ méjì. Nígbà tí mo wá, a bá ibẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń wó àwọn ilé náà, o yí ojú rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé eruku ni.

Ojú ń tì mí, Medinat. Ó ń dùn mí débi pé mi ò lè kírun kí n má ronú ọmọ yẹn lórí òkúta. Mi ò sọ pé kí o dárí jì mí, torí mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ẹnu lé bí mo bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Má fi owó oògùn ẹsẹ̀ mi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn ni kí o fi ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kí n lè lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àti ìyá Fàsásì nínú ilé wọn, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé ìyàwó ọmọ wọn ò purọ́, pé èmi ni. Mujeebat á tẹ̀ lé mi, kí ẹnì kan lè jẹ́rìí pé mo sọ ọ́ tán. Kí o fi lẹ́tà yìí han Fàsásì. Kí o sì sọ fún Anisah pé mo ti sọ ọ́ o, kó lè sùn.

Kí Ọlọ́run tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìwo ìwé ṣàánú rẹ. Kó tẹ́ Ismaheel sí afẹ́fẹ́ rere. Kó má gba ọmọ mìíràn lọ́wọ́ rẹ, kó dá iyì rẹ padà fún ọ lójú gbogbo àwọn tó ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kó jẹ́ kí Anisah yege nínú bàólójì rẹ̀, kó di dókítà tó ń sọ òótọ́ fún ènìyàn. Bí ó bá wá dàgbà, tí ọkọ dé, tí wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀jẹ̀ wá, jọ̀ọ́, má rán mi lọ gbà á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràúfù Ṣògo.