Ẹran Ara Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Rìnrìn Àjò Lọ sí Faransé

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta, 1997. Bantè.

Mo dé láti Savalou nírọ̀lẹ́. Eruku pupa títí dé inú etí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé níbẹ̀, Adjara — Kòmándà ni mo ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan, kò gbọdọ̀ gbọ́ — kọ̀ láti lọ gba abẹ́rẹ́. Oṣù kan ti kọjá tí wọ́n ti yọ kókó inú ọyàn rẹ̀ ní Kútọnu. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà Pascaline ní kó wá gba abẹ́rẹ́ mẹ́fà, kí àkọ́kọ́ má kọjá ìparí oṣù kẹrin, kí àìsàn náà má bàa padà wá.

Ìdí tí kò fi lọ? Wọ́n bu díẹ̀ nínú ẹran tí wọ́n yọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan ní Faransé fún ìwádìí. Wọ́n bi í, ó gbà, ó tẹ ìka sí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹran náà kò tíì ránṣẹ́ pé òun gúnlẹ̀.

Ó ní: "Ẹni ilé ẹni lọ sájò, a ò tíì gbọ́ pé ó dé, ìwọ wá ní kí n dìde nílé? Ṣé bí Bàbá ṣe kọ́ wa nìyẹn?"

Mo ní ẹran ni, kì í ṣe èèyàn.

Ó ní ṣé ẹran ewúrẹ́ ni.

Mo gun alùpùpù padà sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta.

Savalou. Mo gbé ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì lọ — ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, eku ti jẹ etí rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn ará Faransé ń wá. Aránṣọ ni Kòmándà, nítorí náà mo fi àlùmọ́gàjí ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní kókó náà kì í sábà gé ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹran tó yí i ká ló ń pèsè èròjà kan, ansíìmù, tó ń gé nǹkan bí àlùmọ́gàjí, tó sì ń la ọ̀nà fún un láti lọ sí ibòmíràn nínú ara. Bí ansíìmù bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni wọ́n ń wò, bóyá yóò fi bí ọjọ́ iwájú ṣe máa rí hàn.

"Ẹran ara mi ló ń lànà fún ọ̀tá mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

"Wọ́n wí. Ìwọ ńkọ́, Pùrófẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ló ń pe èmi olùkọ́.

Mo ní mo ṣì ń rò ó. Mo fi kún un pé àlùmọ́gàjí kan náà ló ń tún ọyàn ṣe nígbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àṣìṣe ni mo ṣe. Ó ní ọmọ mẹ́rin lòun já, àlùmọ́gàjí náà ti bá òun ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láìjà, ta ló wá bà á jẹ́?

Ọkọ rẹ̀, Alassane — Bẹ́ẹ̀ni lorúkọ tí mo fún un — ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ganiath." Ó yíjú sí mi: "Bẹ́ẹ̀ ni, Pùrófẹ́." Ohun tí a ń sọ kò bára mu rárá.

Jímọ̀, 14 Oṣù Kẹta.

Ọ̀rọ̀ Kòmándà ti yí padà. Bí ẹran náà kò bá lè ránṣẹ́, ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ kí àwọn tó gbà á lálejò. Ó ń rán ẹ̀wù fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó bi mí bí onítọ̀hún ṣe tóbi tó. Mi ò mọ̀.

"O ka ìwé tó báyìí!"

Ó wọ̀n ọ́n lára Alassane, ó fi ìbú ọwọ́ kan kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní wàrà ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta.

Pósítì, láti fi ẹrù ránṣẹ́ sí Faransé. Ẹ̀wù, kajú yíyan, èlùbọ́. Akọ̀wé fi imú gbóòórùn èlùbọ́, ó sín, ó dá a padà. Kòmándà bínú. Mo ní inú ìda ni wọ́n tọ́jú ẹran náà sí, kò ní jẹ ẹ́. Ó ní ta ló sọ pé ẹran ló máa jẹ ẹ́, àwọn onílé ńkọ́? Mo kọ nọ́mbà orí ìwé tó tẹ ìka sí, 212, sórí àpótí.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin.

Kò sí lẹ́tà. Kòmándà ní kí n ṣe sùúrù, Faransé jìnnà.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: ilé ìwádìí kì í dá ẹnì kan lóhùn. Wọ́n ń ka obìnrin ní ọgọ́ọgọ́rùn-ún, wọn kì í kí wọn. Mo mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ. Lónìí mo jókòó láti fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà Faransé kan — "Ìyáàfin ọ̀wọ́n, ẹran yín dé láyọ̀." Ìlà méjì. Mo fà á ya.

Jímọ̀, 18 Oṣù Kẹrin.

Ó dé! Dókítà Pascaline ló fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ará Faransé ní àwọn kì í kọ irú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n kò sí nọ́mbà tó tíì rán ẹ̀wù sí àwọn rí. Ẹ̀wù náà gba èèyàn méjì. Wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri. Lẹ́yìn náà, ìlà mẹ́ta. Ansíìmù pọ̀ gan-an nínú ẹran tó yí kókó náà ká. Láàárín àwọn obìnrin tí àwọn ti kà, àwọn tó ní irú èyí ni àìsàn sábà máa ń tètè padà wá bá. Ṣùgbọ́n àwọn kò lè fi èyí sọ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ìlà kẹta ni mo rọ̀ mọ́. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń ṣiyèméjì, mo sì ń pè é ní ọgbọ́n. Lónìí ó jọ ojo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹrin.

Mo ka lẹ́tà náà fún wọn ní Savalou. Ẹ̀wù lórí ògiri — Kòmándà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo ka ìlà kìíní. Mo fo ìkejì, mo bọ́ sí ìkẹta.

Alassane wà lẹ́yìn mi. Ó lè ka Faransé, mo ti gbàgbé.

"Rárá," ló wí.

Gbogbo wa yíjú wò ó. Òun náà dà bí ẹni tí ohùn ara rẹ̀ bà lẹ́rù.

"Rárá, Pùrófẹ́. Ka èyí tó o fò."

Mo kà á. Kòmándà padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹrin.

Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kòmándà ló sọ̀ kalẹ̀, eruku lójú, eruku lórí. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, kò tíì wá sí Bantè. Kò kí mi.

"Àwọn obìnrin tí wọ́n kà yẹn. Àwọn tí àìsàn padà wá bá. Ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́, àbí wọn ò gbà?"

Mo ṣí lẹ́tà. Mo ṣí ìwé ìròyìn, mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè yẹn kò sọ sí mi lọ́kàn.

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn náà ńkọ́?"

"Bóyá àwọn náà ò mọ̀."

Ó jókòó. Ó mu omi tán nínú ife.

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbà á kí wọ́n tó mọ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ sí Kútọnu. Kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ka èmi mọ́ àwọn tó gbà á. Abẹ́rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìwọ lo máa tẹ̀lé mi."

Mo ní mo ní kíláàsì láago mẹ́jọ ọ̀la.

Ó wò mí.

Mi ò ní kíláàsì lọ́la.